Oúnjẹ Tí Ẹnu Kì Í Jẹ: Ìtàn Àwọn Ìpápánu Kékeré Ilẹ̀ Ṣáínà

Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan nínú wọn lé yín ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ lè fẹ́ sọ ọ́ sẹ́nu kí ẹ tó wò ó dáadáa. Agbọ̀n ọparun kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Búrẹ́dì funfun rọ́bọ́tọ́ mẹ́ta ló jókòó sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà máa ń di ẹran tàbí ẹ̀fọ́ sí nínú, tí wọ́n sì ń fi ooru omi sè. Baozi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ṣẹ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn po wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fún ẹnu àpò pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀, kò sí ẹran, kò sí iyọ̀. Amọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò ní í jẹ ẹ́. Ó kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni, ó sì gbé e sórí pẹpẹ.

Ní Beijing, Shanghai, Hong Kong àti Taipei, àti láàárín àwọn ọmọ Ṣáínà tó ń gbé ní òkè òkun, eré ọwọ́dilẹ̀ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Wọ́n ń mọ yuebing, àkàrà dídùn tí wọ́n ń jẹ nígbà ọdún òṣùpá. Wọ́n ń mọ tanghulu, èso pupa wẹ́wẹ́ tó kan díẹ̀ bí àgbálùmọ̀, tí wọ́n ń tò sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi súyà, tí wọ́n sì ń rì bọ inú ṣúgà yíyọ́. Wọ́n ń mọ zongzi, ìrẹsì tó ń lẹ̀ tí wọ́n ń fi ewé dì bí àwa náà ti ń fi ewé di mọ́ínmọ́ín. Gbogbo wọn kéré débi pé igi ìtayín ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí wọn lára.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè sọ pé eré ọmọdé ni. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe oúnjẹ tí kò ṣeé jẹ. Léraléra ni a sì ń bá a níbi tí nǹkan kan ti ń bọ́ lọ: níbi tí èèyàn ti kú, níbi tí ìlú ti tú, níbi tí ohùn àwọn oníkiri ti dákẹ́ ní òpópónà. Ẹ jẹ́ kí á tọ ipa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ààrò tí kì í gbóná

Nígbà ìjọba àwọn ọba Han, láti ọdún 206 ṣáájú ìbí Jésù títí di ọdún 220 lẹ́yìn ìbí rẹ̀, wọn kì í sin olówó tàbí ìjòyè lọ́wọ́ òfo. Wọ́n máa ń fi amọ̀ mọ àwòṣe gbogbo ohun tí ó ń lò nílé: àká ọkà, kànga, ilé ẹlẹ́dẹ̀, àti ààrò ìdáná. Ààrò náà kò ju ohun tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ óò rí ojú ihò tí ìkòkò ń jókòó lé, ẹ óò sì rí ẹja, ìjàpá àti ṣíbí ìbùbẹ̀ tí wọ́n mọ pọ̀ mọ́ orí rẹ̀. Ní agbègbè Sichuan, wọ́n tún ń sin ère àwọn alásè mọ́ òkú. Alásè náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn pákó ìgẹ́ran, oúnjẹ kún iwájú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí ni mingqi, ìyẹn ohun èlò fún àwọn ẹni ẹ̀mí. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni ó jọ wá lójú jù. Ìwé àṣà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Liji gbé àlàyé rẹ̀ lé Confucius lórí. Ó ní bí a bá ṣe òkú bí ẹni tó ti kú pátápátá, a kò ní àánú. Bí a bá sì ṣe é bí ẹni tó ṣì wà láàyè, a kò gbọ́n. Nítorí náà, ohun tí a óò fún un gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Kí ó jọ ohun tó ń lò, ṣùgbọ́n kí ó má ṣeé lò. Kódà ohun èlò orin olókùn tí wọ́n bá fẹ́ sin mọ́ ọn, wọ́n lè ta okùn sí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní í tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo bí èrò yìí ti jinlẹ̀ tó. Kì í ṣe àìlówó ló mú kí wọ́n fún òkú ní oúnjẹ amọ̀. Oúnjẹ amọ̀ náà ń sọ ohun méjì pọ̀: pé a kò gbàgbé rẹ, àti pé a mọ̀ pé o ti lọ. Oúnjẹ gidi kò lè sọ méjèèjì bẹ́ẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó rọ́pò orí ènìyàn

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà tí gbogbo ọmọ Ṣáínà mọ̀ nípa mantou, búrẹ́dì funfun tí wọ́n ń fi ooru omi sè. Wọ́n ní ní ọdún 225, ọ̀gágun àti olóṣèlú ńlá nì, Zhuge Liang, ń ti ogun apá gúúsù bọ̀, ni ó bá dé etí odò kan tí ó ń ru gùdù. Àwọn ará ibẹ̀ sọ fún un pé orí ènìyàn ni wọ́n fi ń bọ odò náà kí ó tó gbà kí èèyàn kọjá. Zhuge Liang kọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn lójú ogun ti tó. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n po ìyẹ̀fun, kí wọ́n di ẹran sínú rẹ̀, kí wọ́n mọ ọ́n bí orí ènìyàn, kí wọ́n sì fi í rúbọ dípò. Odò rọlẹ̀, ogun kọjá.

Àlọ́ ni tàbí òótọ́? Ìwé ìgbà Song, tí wọ́n kọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Zhuge Liang, ni ó gbé ìtàn náà jáde, nítorí náà a kò lè kà á sí ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò náà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rí ohun mìíràn: ó fi hàn pé lójú àwọn tó ń sọ ọ́, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ti inú àwòṣe wá. Ère ni mantou kí ó tó di búrẹ́dì. Ohun tí ọwọ́ mọ ni ó gba ẹ̀mí là.

Oúnjẹ inú iyanrìn

Turpan wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ní Xinjiang. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ojú òkun lọ, oòrùn rẹ̀ mú, òjò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ní itẹ́ òkú Astana tó wà nítòsí ibẹ̀, iyanrìn gbígbẹ ti pa àwọn nǹkan mọ́ tí wọn ì bá ti jẹrà níbòmíràn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí jiaozi gidi níbẹ̀ láti ìgbà àwọn ọba Tang, tí wọ́n jọba láti ọdún 618 sí 907. Jiaozi ni ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi di ẹran tàbí ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì tẹ etí rẹ̀ pọ̀. Wọ́n tún rí àkàrà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣe bí òdòdó. Gbogbo wọn ti gan bí òkúta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ jiaozi láàárọ̀ yìí ní Beijing yóò dá ti inú iyanrìn náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wà nínú ibojì wọ̀nyẹn kò mọ sí oúnjẹ gidi. Wọ́n rí ère amọ̀ àwọn obìnrin kéékèèké níbi iṣẹ́ oúnjẹ: ọ̀kan ń gún ọkà, ọ̀kan ń fẹ́ ẹ, ọ̀kan ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ọ̀kan sì ń fi igi yí ìyẹ̀fun pípò sí pẹlẹbẹ. Ẹni tó mọ wọ́n kò mọ oúnjẹ nìkan. Ó mọ iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n sì tún rí ère tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gan-an mọ, nínú èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan wà. Ó ti lé ní 1,300 ọdún. Nígbà tí àwọn tó ń fi ìyẹ̀fun mọ ère ní Ṣáínà bá ń ka ìran iṣẹ́ wọn, inú iyanrìn Turpan ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tó kù sínú oúnjẹ

Láti ọdún 960 títí di 1127, Kaifeng ni olú ìlú àwọn ọba Song. Ìlú ńlá ni, ọjà rẹ̀ kì í tètè tú lálẹ́, oríṣiríṣi ìpápánu sì kún àwọn òpópónà rẹ̀. Ní ọdún 1127, àwọn ọmọ ogun Jurchen láti àríwá kó ìlú náà, wọ́n sì mú ọba lọ. Àwọn tó lè sá sá lọ sí gúúsù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó sá náà ni Meng Yuanlao. Ó ti lé ní ogún ọdún tó gbé ní Kaifeng. Lẹ́yìn ogun, ó kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Dongjing Meng Hua Lu, ó sì kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ ní ọdún 1147. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí àwọn bá jókòó pẹ̀lú ẹbí tí àwọn ń sọ̀rọ̀ ìlú àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ máa ń já àwọn níyàn. Wọn kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà rí. Ẹ̀rù bà á pé bó bá pẹ́ sí i, òtítọ́ rẹ̀ yóò sọnù pátápátá. Ohun tó ṣe ni pé ó jókòó, ó ka àwọn òpópónà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka ilé oúnjẹ, ó ka ohun tí wọ́n ń tà ní ọdún kọ̀ọ̀kan.

Inú ìwé yìí ni a ti rí i pé oúnjẹ alára kékeré ti kúrò ní ibojì, ó ti bọ́ sí ọjà. Nígbà ọdún Qingming, wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun mọ ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀ka igi so ó kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Orúkọ Jie Zitui ni wọ́n fi ń pè é, ìránṣẹ́ ọba ayé àtijọ́ tí ìtàn sọ pé iná jó pa lórí òkè. Ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù keje, tí í ṣe ọdún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n máa ń fi òróró, ìyẹ̀fun àti oyin ṣe ìpápánu bí ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rà tó ìwọ̀n kan, ẹ óò bá ère ìpápánu méjì nínú rẹ̀ tó wọ ẹ̀wù ogun bí àwọn òrìṣà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ ọdún kan náà, wọ́n máa ń da erùpẹ̀ sórí pákó, wọn a gbin ọkà wẹ́wẹ́ sí i kí ó hù, wọn a sì to ahéré kéékèèké àti ènìyàn kéékèèké sí àárín rẹ̀. Abúlé odindi lórí pákó kan!

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i. Ìlú tó tóbi jù lọ ní ìgbà rẹ̀ tú, ọba rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ fẹ́ fi í han àwọn ọmọ tí kò dé ibẹ̀ rí, ó ṣàpèjúwe ààfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí i dájú pé ẹyẹ oníyẹ̀fun ẹnu ọ̀nà kò sọnù.

Zongzi tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn

Àṣà kan wà tó so ohun àtijọ́ yìí pọ̀ mọ́ eré ọwọ́dilẹ̀ òde òní tààrà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá, wọ́n máa ń ṣe ọdún Duanwu, tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi díje. UNESCO fi ọdún náà sínú àkójọ àjogúnbá aráyé ní ọdún 2009. Zongzi ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láfikún sí èyí tí wọ́n ń jẹ, àwọn ìyá àti ìyá àgbà máa ń ká páálí sí ìrísí zongzi, wọn a sì fi òwú aláwọ̀ márùn-ún wé e yíká títí páálí náà kò fi ní í hàn mọ́. Wọ́n lè ki ewé olóòórùn dídùn sí i nínú. Kò tóbi ju kókó ọ̀pẹ lọ. Ọrùn ọmọ tàbí ẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, kí àìsàn má baà mú un nígbà ooru.

Kò sí ẹni tó kọ́ wọn nílé ìwé. Ọmọ ń wo ìyá, ọmọ ń wé òwú tirẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin zongzi kí ó tó di ẹni tó lè di èyí tí wọ́n ń jẹ gan-an. Èyí tí kò ṣeé jẹ ló ń kọ́ ọwọ́ ní ọ̀nà èyí tó ṣeé jẹ.

Ààfin àti òpópónà

Ní ìgbà àwọn ọba Qing, ààfin náà fẹ́ràn ohun kéékèèké. Ní ọdún 1737, oníṣọ̀nà ààfin kan tó ń jẹ́ Chen Zuzhang gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan láti inú kóró èso ólífì ẹyọ kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.4. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ń ṣí ó sì ń tì, ife àti àwo oúnjẹ sì wà lórí tábìlì inú rẹ̀. Òkúta kan náà tún wà tí kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 6, tí wọ́n pa láró tí wọ́n sì gún lára títí ó fi jọ ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n fi ọbẹ̀ dúdú sè. Ẹ óò rí ihò irun lára awọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Taipei lónìí, èrò sì máa ń tò láti wo òkúta náà.

Ọba ló ni ìyẹn. Ẹni tó ń mọ ère fún ọmọ tálákà, ìta ni ó jókòó sí. Ó máa ń ru àpótí rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Nínú àpótí náà ni ìyẹ̀fun àlìkámà àti ti ìrẹsì tó ń lẹ̀ wà, tí ó ti pò, tí ó ti sè lórí ooru omi, tí ó sì ti pa láró ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ó lè fi oyin sí i kí ó má baà là. Ọ̀bẹ kékeré kan, òòyà kan àti àlùmágàjí ni irin iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé a dúró tì í, a mú owó péréte wá, òun náà a mọ ère sórí igi fún un kí ọmọ náà tó lè ka ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan.

Ẹni tó lórúkọ jù nínú wọn ní Beijing ni Lang Shao'an, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1910. Ẹ̀yà Manchu ni, ọ̀dọ̀ Zhao Kuoming ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọdé. Àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń mọ òrìṣà, ọ̀gágun àti àwọn ẹ̀dá inú eré orí ìtàgé. Lang mọ àwọn wọ̀nyẹn náà, ṣùgbọ́n ó yí ojú sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òpópónà: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ń kiri ìpápánu ní Beijing àtijọ́. Ó mọ ènìyàn, ó mọ ẹrù orí rẹ̀, ó mọ oúnjẹ inú ẹrù náà. Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn kéré débi pé ìlàjì èèpo àsálà ilẹ̀ Ṣáínà ló gbà wọ́n. Ní àwọn ọdún 1950, òǹkọ̀wé obìnrin tó gbajúmọ̀ nì, Bing Xin, lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ àròkọ nípa rẹ̀. Ẹ kíyè sí ìgbà náà. Ní ọdún 1956 ni ìjọba kó ọ̀pọ̀ jù lọ òwò àdáni sábẹ́ àkóso rẹ̀, iye àwọn oníkiri sì ń dín kù. Ohun tí Lang ń mọ ń di ohun àná níwájú rẹ̀. Lang kú ní ọdún 1992. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lang Zhili, jogún iṣẹ́ náà, ìjọba Ṣáínà sì fi ère oníyẹ̀fun ìdílé Lang sínú àkójọ àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 2008.

Amọ̀ ilẹ̀ Jámánì, oúnjẹ ilẹ̀ Ṣáínà

Ìyẹ̀fun ní àléébù: kòkòrò ń jẹ ẹ́, ó sì ń là. Èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀ ń lò lónìí jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi ike ṣe. Jámánì ni ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù, Fimo, ti wá. Wọ́n ṣe ẹ̀dá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1930 fún orí bèbí, ilé iṣẹ́ Eberhard Faber sì gbà á ní ọdún 1964. Ó máa ń rọ̀ lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun pípò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sínú ófùnù ní ìwọ̀n ooru 110 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gan títí láé nìyẹn.

Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni ìdá kan nínú méjìlá, ìyẹn íǹṣì kan dípò ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n lò fún ilé bèbí tí wọ́n kọ́ fún Ọbabìnrin Mary ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1921 sí 1924. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: baozi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 yóò di mìlímítà 5. Orí mìlímítà 5 yẹn ni ẹ ó ti fi ẹnu abẹ́rẹ́ ṣẹ́ gbogbo ìpopo rẹ̀. Láti jẹ́ kí ara àkàrà òṣùpá dà bí èyí tí iná mú, wọ́n máa ń ha ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ilẹ̀ sí lẹ́búlẹ́bú, wọn a sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi kàn án díẹ̀díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n fi ń tẹ ara rẹ̀ kí ó má baà dán jù. Ṣúgà ara tanghulu ni gọ́ọ̀mù olómi kan tó máa ń gan, tó sì ń dán bíi díígí.

Ní Hong Kong, iṣẹ́ yìí ti kọjá oúnjẹ nìkan. Àwọn oníṣọ̀nà ibẹ̀ ń kọ́ odindi ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ìta tí wọ́n ń pè ní dai pai dong: páànù aláwọ̀ ewéko, àga onígi kéékèèké, ìkòkò, àti abọ́ tí wọn kò tíì fọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Hong Kong kò ti fún ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ tuntun fún wọn, wọn kò sì gbà kí ẹni tó ni ìwé àṣẹ fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó wù ú. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò tó ọgbọ̀n mọ́. Ní ìlú yìí kan náà, wọ́n ṣì ń fi páálí àti bébà ṣe agbọ̀n baozi àti oúnjẹ àárọ̀ mìíràn, tí wọ́n ń jó fún àwọn òkú wọn. Mingqi kò kúrò nílẹ̀. Ó kàn yí aṣọ padà ni.

Ohun tó kù, ohun tó lọ

Àwọn kan lè sọ pé irọ́ ló wà nínú ohun tó kéré. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Tanghulu alámọ̀ kò tutù lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù. Ẹni tó ń kiri nínú èèpo àsálà kò làágùn, ebi kò pa á, ọlọ́pàá kò lé e. Ohun kékeré máa ń mọ́ ju ìgbésí ayé lọ, ó sì rọrùn láti fẹ́ràn òpópónà tí kò rùn mọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀dá kékeré nìkan kọ́ ìtàn Beijing yóò rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, bí alásè inú ibojì Sichuan nì.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí kò lè parọ́, ìyẹn ni ọwọ́. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ etí jiaozi kò lè tẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Ẹni tí kò bá mọ bí ewé zongzi ti ń ká kọjá ara rẹ̀ yóò mọ bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewéko lásán. Láti mọ ohun kan sí ìdá kan nínú méjìlá, èèyàn gbọ́dọ̀ wò ó ju bí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti ń wò ó lọ. Ìwé ìtàn àwọn ọba kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ bí wọ́n ti ń ṣẹ́ orí baozi po. Ọwọ́ àwọn tí kò lórúkọ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló wá kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú rẹ̀? Nínú kíláàsì wa, a máa ń ka ìpolówó ọjà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ewì alohùn. A máa ń sọ pé ó ń parẹ́, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, a ó sì gba máàkì. Ohun tí ìtàn àwọn ará Ṣáínà yìí fi kún un fún wa ni pé ohùn oníkiri nìkan kò tó. Ẹrù orí rẹ̀ ńkọ́? Ewé tó fi dì í ńkọ́, báwo ni ó ti ṣẹ́ ẹ? Igbá wo, ìwọ̀n wo, ẹ̀gbẹ́ wo ni ó kọ́kọ́ ká sínú? Bí ẹ bá ń lọ gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín, ẹ bẹ ìyá ẹlẹ́kọ pé kí ó di ọ̀kan lójú yín, kí ó tú u, kí ó tún un dì. Ẹ yà á ní fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọwọ́ yín bá sì yá, ẹ mọ ọ́n ní kékeré. Ìgbà náà ni ẹ óò mọ ibi tí ẹ kò wò dáadáa.

Àwọn ọ̀dọ́ já Meng Yuanlao níyàn nípa Kaifeng, kò sì ní ìlú mọ́ tí yóò fi hàn wọ́n. Àwa ṣì ní àwọn ìyá wa ní ọjà. Kí á tètè bi wọ́n.